Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ: Ìtàn Ilé Ìtàwé àti Ìwé Tó Tú Ìbálòpọ̀ sí Gbangba

Nígbà tí ìwé ṣì wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé àlùfáà, amòfin àti olówó ló ń rà á, kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó yẹ kí òǹtàwé kó ìwé ìṣekúṣe sí kí ojú ọmọdé má baà tó o. Ọmọdé kì í dá wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ra ìwé. Ìwé tó bú ọba àti ìwé tó tako ìjọ ni àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àgbèrè àti ìsọkúsọ, ilé ẹjọ́ ìjọ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Ní 1727 ni nǹkan yí padà. Edmund Curll, òǹtàwé kan ní London, jẹ̀bi ní ilé ẹjọ́ ọba nítorí ìwé kan tó ròyìn ohun tí àwọn obìnrin tó fi ara wọn jìn fún ìsìn ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ilé ẹ̀sìn wọn. Láti ọjọ́ náà ni títẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìlú. Ìwà rere ìlú àti àlàáfíà ọba ni àwọn adájọ́ gbé ìdájọ́ wọn lé. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò tíì dé ibẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọdé fi di oníbàárà. Ní 1744, John Newbery tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn ọmọ ní London, ó sì ń ta bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ọn fún ọmọkùnrin, àti tìmùtìmù abẹ́rẹ́ fún ọmọbìnrin. Ó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn St Paul's, níbi tí àwọn òǹtàwé pọ̀ sí, ìwé ọmọdé sì di òwò gidi tí baba àti ìyá ń ná owó lé. Bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìwé ti wà láyé ti rí, èyí jẹ́ ohun tuntun: ọmọ tó mọ̀wé kà, tó sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ní ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àdúgbò kan wà létí òpópónà Strand tí wọ́n ń pè ní Holywell Street. Àwọn tó ń ta ìwé àti àwòrán oníhòòhò pọ̀ níbẹ̀ débi pé orúkọ àdúgbò náà di orúkọ òwò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé àwòrán sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, àgbà àti ọmọdé, ni yóò sì rí i. Ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí ló kọ́kọ́ mú kí àwọn aráàlú máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọmọdé. Ní 1857, Lord Campbell mú òfin kan la ilé aṣòfin kọjá tó fún adájọ́ ní àṣẹ láti rán ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kó ìwé ìṣekúṣe, kí wọ́n sì run ún. Òfin náà kò sọ ohun tí ìṣekúṣe jẹ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1868, ẹjọ́ Henry Scott ará Wolverhampton fún adájọ́ àgbà Alexander Cockburn láyè láti sọ ọ́. Scott kì í ṣe oníṣòwò ìhòòhò. Ìwé pẹlẹbẹ tó ń gbógun ti ìjọ Àgùdà ló ń tà láìjèrè, ìwé náà sì tú àwọn ìbéèrè tí àlùfáà lè bi obìnrin níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí gbangba. Cockburn là á kalẹ̀ pé èrò rere tó wà lọ́kàn òǹtàwé kò gbà á sílẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ yóò wò ni bóyá ìwé náà lè ba ọkàn ẹni tó rọrùn láti tàn jẹ́, bí ó bá bọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kò béèrè ta ni òǹtàwé ta ìwé fún, kò sì béèrè ibi tó kó o sí. Ẹni tó kéré jù nínú ilé di òṣùwọ̀n ohun tí ẹni tó dàgbà jù lè kà, òṣùwọ̀n náà sì dúró fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní gbogbo ibi tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé.

Àwọn oníṣòwò fúnra wọn kò dúró de ọlọ́pàá. Charles Mudie ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá ìwé fún àwọn ìdílé London láti 1842. Gínì kan lọ́dún ni wọ́n ń san, nígbà tí ìwé ìtàn àròsọ olápá mẹ́ta kan ń gbà ju gínì kan lọ. Nítorí pé òun ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé àròsọ tí àwọn òǹtẹ̀wé ń tẹ̀, ìwé tí Mudie bá kọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ná. Ohun tó ń wò ni bóyá bàbá lè gbé ìwé náà sílẹ̀ ní pálọ̀ láìbẹ̀rù ohun tí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò kà níbẹ̀. Ní 1885, òǹkọ̀wé George Moore, tí Mudie ti kọ̀ láti gba ìwé rẹ̀, fi ìbínú kọ̀wé ta kò ó. Ní 1888 àti 1889, Henry Vizetelly, tó ń ta àwọn ìwé Émile Zola ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní iye owó tí mẹ̀kúnnù lè san, fojú ba ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n bu ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lé e. Nígbà kejì, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà, ara rẹ̀ kò sì le. Ìwé Zola ní èdè Faransé ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú kan náà, nítorí pé ó wọ́n, ọmọ ilé ìwé àti ọmọ ọ̀dọ̀ kò sì gbọ́ èdè náà. Láti ìgbà yẹn ni owó pọ́ọ́kú ti di ara ẹ̀sùn.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ru gbogbo ẹrù náà. Anthony Comstock, tó ti ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, rọ ilé aṣòfin títí wọ́n fi ṣe òfin 1873 tó sọ fífi ìwé ìṣekúṣe ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1883 ó kọ ìwé kan nípa àwọn pańpẹ́ tí ayé ń dẹ fún ọmọdé, ìwé olówó pọ́ọ́kú sì wà lára wọn. Ní Boston, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1915, ẹgbẹ́ aṣọ́wà tó ń jẹ́ Watch and Ward àti àwọn òǹtàwé ìlú náà yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà, mẹ́ta láti ìhà kọ̀ọ̀kan, láti máa ka ìwé tuntun. Ìwé tí ìgbìmọ̀ náà bá lòdì sí, àwọn òǹtàwé yóò yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọn kò sì ní tanná wá ẹjọ́. Ìlànà yìí dá àwọn òǹtàwé sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Òǹkàwé ni kò mọ ohun tí kò rí.

Lẹ́bàá òkun Èkó, ilé ìtàwé tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá sílẹ̀ ní 1869 kò ní irú ìṣòro yìí rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Bíbélì, ìwé orin, ábídí àti ìwé ilé ìwé ló kún inú rẹ̀. Ìjọ ló ń yan ìwé, ọmọ ilé ìwé sì ni oníbàárà àgbà. Ìwé ìròyìn ni ìtàn ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ gbà wọlé. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá, ẹni ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ tó ń ka ìgbésí ayé ara rẹ̀ fún aráyé, sínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*. Ní 1930 ó sọ ọ́ di ìwé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Thomas kò tú ohun kan tó yẹ kó bò sí gbangba; ó fi ọ̀rọ̀ àgbà, orin àti ẹkún ìrònúpìwàdà dì í. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà ti ń lò nídìí àlọ́ àti ẹ̀fẹ̀ nìyẹn: kí ọmọdé jókòó síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìwé títẹ̀ nílò ju ọgbọ́n yìí lọ, nítorí pé àgbà kì í jókòó ti ìwé.

Láàárín 1933 sí 1957, òṣùwọ̀n Cockburn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní December 1933, adájọ́ John Woolsey ní New York dá *Ulysses* tí James Joyce kọ láre, ó ní ẹni tí ìwà rẹ̀ wà déédéé láàárín àwọn àgbà ni ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi wọn ìwé. Bí òfin ti ń tú ìwé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òwò ń tú u ká. Penguin bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ẹlẹ́yìn bébà ní kọ́bọ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Pocket Books ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1939, sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìwé jáde kúrò nílé ìtàwé, ó bọ́ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ilé oògùn àti ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ ti ń ra súìtì. Àwòrán obìnrin tí aṣọ rẹ̀ fẹ́ já bọ́ wà lójú ẹ̀yìn ìwé, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn inú rẹ̀ kò ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀. Ní 1952, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1955, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìwé tó lè pa ọmọdé lára. Ìwé àwòrán adẹ́rùbani láti Amẹ́ríkà ni wọ́n dójú lé, ṣùgbọ́n ohun tuntun wà nínú rẹ̀. Òfin kan ti wà wàyí tó dá lórí ìwé ọmọdé nìkan, tó sì fi ìwé àgbà sílẹ̀.

Níbi ẹjọ́ kan láti Detroit ni okùn àtijọ́ ti já. Ìpínlẹ̀ Michigan ní òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ìwé tó lè ba ìwà ọ̀dọ́ jẹ́, fún ẹnikẹ́ni. Alfred Butler ta ìwé àròsọ kan fún ọlọ́pàá, àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n sì bu ọgọ́rùn-ún dọ́là lé e. Ní February 1957, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá a láre láìsí adájọ́ kan tó yapa. Adájọ́ Felix Frankfurter kọ ọ́ pé òfin náà dà bí ẹni tó dáná sun ilé kí ó lè rí ẹlẹ́dẹ̀ yan jẹ: ó sọ àgbà Michigan di ẹni tí kò lè ka ju ohun tó tọ́ sí ọmọdé lọ. Ìdájọ́ náà kò sọ pé kí ọmọdé máa ka ohun gbogbo. Ohun tó sọ ni pé ìjọba tó bá fẹ́ ṣọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí kò ní gba ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti kúrò lórí pé irú ìwé wo ló lè wà, tó sì bọ́ sórí pé níbo ni yóò wà, ta ni yóò sì dúró tì í.

Ẹni tó dúró tì í ni òǹtàwé. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹjọ́ Butler ni ẹjọ́ Eleazar Smith dé láti Los Angeles. Òfin ìlú náà ní kí wọ́n jẹ òǹtàwé níyà bí ìwé ìṣekúṣe bá wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ní December 1959, ilé ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́: bí òǹtàwé bá ń bẹ̀rù gbogbo ìwé tí kò tíì kà, èyí tó kà nìkan ni yóò máa tà, kò sì sí ẹ̀dá tó lè ka gbogbo ìwé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1959 yìí kan náà, òfin tuntun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba òǹtàwé sílẹ̀ bí ó bá lè fihàn pé òun kò yẹ ìwé náà wò, kò sì sí ohun tó yẹ kó mú òun fura. Ní Rhode Island, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956 láti gbé ìwà rere lárugẹ láàárín ọ̀dọ́ ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pín ìwé, pé ìwé báyìí báyìí kò yẹ ọmọ. Lẹ́yìn lẹ́tà, ọlọ́pàá á yà wọ́n wò láti mọ ohun tí wọ́n fi ìwé náà ṣe. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fòpin sí i ní 1963, nítorí pé ìfòfindè gidi ni ìjọba ń ṣe láìgbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́.

Ẹjọ́ *Lady Chatterley's Lover* ní Old Bailey, ní 1960, ni gbogbo ayé mọ̀. Olùpẹjọ́ bi àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ léèrè bóyá wọ́n á fẹ́ kí ìyàwó wọn tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ka ìwé náà. Ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́fà ni Penguin fẹ́ tà á, iye tí ọmọ ilé ìwé lè kó jọ. Wọ́n dá Penguin láre ní ọjọ́ kejì oṣù November. Nígbà tí ìwé náà dé ọjà ní ọjọ́ kẹwàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba tí wọ́n tẹ̀ ló tán lóòjọ́. Oṣù kan ṣáájú ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ní 1961, ìjọba tuntun náà fi òfin ìwé ìṣekúṣe kún ìwé òfin ọ̀ràn ìlú, ó sì ṣe òfin mìíràn nípa ìwé tó lè pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ lára. Méjèèjì tẹ̀lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà gan-an ni *Jagua Nana* tí Cyprian Ekwensi kọ jáde, ìtàn obìnrin Èkó tó ti dàgbà díẹ̀ tó sì ń jẹ ayé. Àríwò sọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan láti Ítálì fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, ọ̀rọ̀ dé ilé aṣòfin, ìjọba kò sì gbà. Ìwé náà ń tà lọ ní tirẹ̀.

Ní October 1965, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bellmore, ní Long Island, níbi tí Sam Ginsberg àti ìyàwó rẹ̀ ti ń ta ìwé ìkọ̀wé, ìwé ìròyìn àti oúnjẹ ọ̀sán. Ginsberg ta ìwé ìròyìn oníhòòhò méjì fún un. Ìwé méjèèjì kò lòdì sófin rárá fún àgbàlagbà. Bí ó bá jẹ́ bàbá ọmọ náà ló rà á, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n New York ti ṣe òfin pé wọn kò gbọdọ̀ ta irú rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí òfin náà ní April 1968, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. William Brennan tó kọ ìdájọ́ náà sọ pé ìwé kan náà lè jẹ́ ohun kan fún àgbà, kí ó sì jẹ́ ohun mìíràn fún ọmọdé. Ó fi kún un pé òfin yìí kò dí òbí lọ́wọ́: òbí tó bá rí i pé ìwé náà yẹ ọmọ òun lè rà á fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin gba òǹtàwé tó fi tọkàntọkàn béèrè ọjọ́ orí láyè láti ṣàwíjàre. Ohun mẹ́ta tó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún pàdé lórí káńtà kan: ọjọ́ orí ọmọ, àṣẹ òbí, àti ojú òǹtàwé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló da òfin tirẹ̀ kọ láti inú ìdájọ́ yìí.

Títà ti yanjú. Wíwò ni kò tíì yanjú. Ọmọdé tí wọn kò lè ta ìwé fún ṣì lè dúró nídìí pẹpẹ kí ó máa ṣí i. Àwọn olùta ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yanjú ti wọn pẹ̀lú ohun tí Yorùbá ti fi pa òwe: wọ́n gbé ìwé oníhòòhò sórí pẹpẹ òkè pátápátá, èyí tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kò sí òfin kan tó ní kí wọ́n ṣe é. Àṣà ọjà ni. Òfin 1981 wá sọ fífi ohun àìtọ́ hàn ní gbangba di ẹ̀ṣẹ̀, àfi bí ṣọ́ọ̀bù bá lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọlé. Jámánì ti gba ọ̀nà tirẹ̀ láti 1953. Níbẹ̀, àjọ ìjọba kan ló ń kọ orúkọ ìwé tó léwu fún ọ̀dọ́ sílẹ̀. Ìwé tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀, òǹtàwé kò gbọdọ̀ gbé e síta tàbí kéde rẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé, àgbà tó bá fẹ́ ẹ ni yóò béèrè fún un lẹ́yìn káńtà. Ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n sí i: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ láti ilẹ̀. Ní 1998, ilé iṣẹ́ ìtàwé Barnes & Noble, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ìpínlẹ̀ náà nítorí àwọn ìwé fọ́tò kan, gbà láti tẹ̀lé ìwọ̀n yẹn.

Ní Virginia ni ọ̀rọ̀ pẹpẹ ti gba àròjinlẹ̀ jù. Òfin tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀ ní 1985 kò jẹ́ kí òǹtàwé kó ìwé tó lè pa ọmọdé lára síbi tí ọmọ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òǹtàwé pẹjọ́, wọ́n ní bí òfin bá rí báyìí, ìdá ńlá nínú ìwé àgbà ni àwọn yóò kó pamọ́, títí kan ìwé ìmọ̀ ara àti ìwé àròsọ àwọn ògbólógbòó òǹkọ̀wé. Wọ́n kó ìwé mẹ́rìndínlógún wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní 1988, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ Virginia, kí wọ́n sọ ohun tí òfin wọn túmọ̀ sí. Èsì wọn ni pé òfin náà kò mú ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ìwé tó bá ní láárí fún ọ̀dọ́langba tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán kò sí lára èyí tí òfin ń wí. Bí òǹtàwé bá sì ti ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu láti dí ọmọdé lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi wọn ìwé, wọn kò fi ọmọ ọdún márùn-ún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ yìí kékeré lójú, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ilé ìtàwé Amẹ́ríkà dúró lé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ní Nàìjíríà, ìwé kì í gbé inú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ní 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Ikebe Super* jáde, ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín tó dá lórí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, tí Papa Ajasco wà nínú rẹ̀. Àgbà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Nígbà náà, àwọn fẹ́ńdọ̀ ń so ó rọ̀ létí títì pẹ̀lú àwọn ìwé ìròyìn yòókù, ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé sì lè dúró wò ó pẹ̀lú àwọn tó ń ka àkọlé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin 1961 wà níbẹ̀, pẹpẹ òkè ni kò sí. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní 2003, ó fòfin de kíkó ìwé tó lè pa ọmọ lára wọ̀lú, títẹ̀ ẹ́ àti títà á, ó sì ka fídíò, àwòrán àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ mọ́ ọn. Lagos ṣe tirẹ̀ ní 2007. Bí fẹ́ńdọ̀ tàbí alágbàtà ìwé tó tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò ṣe pín àtẹ rẹ̀, òfin kò kọ ọ́.

Láàárín ìwé ọmọdé àti ìwé àgbà, pẹpẹ kẹta ti yọjú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní 1957. Ní 1975, Judy Blume kọ *Forever*, ìtàn ọmọbìnrin kan àti ìbálòpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìbò ó àti láìfi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ilé ìtàwé fi àyè pàtàkì sílẹ̀ fún irú ìwé ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, títí tí àgbà fi ń rà wọ́n ju ọ̀dọ́ lọ. Ìpààlà wá bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ láti ìhà kejì. *A Court of Thorns and Roses* tí Sarah J. Maas kọ jáde ní 2015 lórí pẹpẹ ọ̀dọ́. Bí ìtàn náà ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ìbálòpọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó fi di pé ní 2020 òǹtẹ̀wé pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kó o lọ sọ́dọ̀ ìwé àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìfẹ́ tó gbóná janjan wá ń wọ ẹ̀yìn àwòrán ọlọ́dà mèremère bíi ti ìwé ọmọ. Fún àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn ìwé ti máa ń búra ju inú rẹ̀ lọ. Wàyí, inú ló ń ṣe ohun tí ẹ̀yìn kò jẹ́wọ́. Òǹtàwé tó bá fi ojú ẹ̀yìn ìwé pín in sórí pẹpẹ yóò ṣìnà, òbí tó ń fi ojú ẹ̀yìn ìwé ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí náà yóò ṣìnà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ní October 2013, WHSmith, ilé iṣẹ́ tó ti ń ta ìwé ní ibùdókọ̀ ojú irin láti ayé Ọbabìnrin Victoria, ti gbogbo ìkànnì rẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ìwé tí òǹkọ̀wé gbé síta fúnra wọn ń tọ ọ̀nà Kobo, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ, wọ ìkànnì náà láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́bi kankan bíi "daddy" láti wá ìwé ọmọdé, ìwé ìṣekúṣe tó burú jáì ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí àṣà ọjà ti gba ọgọ́rùn-ún ọdún láti ya pẹpẹ sọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń wá ìwé da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rá ni àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Australia, *American Psycho* tí Bret Easton Ellis kọ ní 1991 kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, àgbà nìkan ló sì lè rà á. Ní July 2015, ọlọ́pàá yọjú sí ilé ìtàwé Imprints ní Adelaide nítorí pé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ wà lórí àtẹ láìsí ọ̀rá. Ní Hong Kong, ní July 2018, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú nǹkan báyìí wò kéde pé *Killing Commendatore* tí Haruki Murakami kọ kò yẹ ojú ọmọdé. Wọ́n kó o kúrò níbi ìpàtẹ ìwé ìlú náà, ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́dọ̀ dì í, kí ó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn, kí ó má sì tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ọ̀rá ń dí ọmọdé. Ó ń dí àgbà tó fẹ́ ka ojú ìwé kan kí ó tó rà á pẹ̀lú.

Láti 2022, Amẹ́ríkà tún gbé ìbéèrè Michigan dìde. Ní Virginia Beach, wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ kéde pé ìwé méjì jẹ́ ìṣekúṣe, kí Barnes & Noble má sì tà wọ́n fún ọmọ láìgba àṣẹ òbí; ọ̀kan nínú wọn ni ìwé kejì nínú ọ̀wọ́ Sarah J. Maas. Adájọ́ Pamela Baskervill da ẹjọ́ náà nù ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù August ọdún náà, ó sì ní òfin tí wọ́n gbé e kà tako ìwé òfin ilẹ̀. Texas gbìyànjú ọ̀nà tuntun ní 2023: òǹtàwé tó bá fẹ́ ta ìwé fún ilé ìwé ìjọba ni yóò ka ìwé fúnra rẹ̀, tí yóò fi àmì sí i bóyá ìbálòpọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. BookPeople ní Austin àti Blue Willow ní Houston pẹjọ́ pé ìyẹn ni kí àwọn máa sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tàwọn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní January 2024. Ohun tí adájọ́ ti sọ nípa Eleazar Smith ní 1959, pé kò sí ẹni tó lè ka gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tún padà di ọ̀rọ̀ gidi.

Arkansas ló ṣe èyí tó le jù. Òfin tí wọ́n pè ní Act 372, ní 2023, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òǹtàwé tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti jẹ́ kí ohun tó lè pa ọmọdé lára wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ. Kò ya ọmọ ọdún márùn-ún sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ilé ìtàwé bíi WordsWorth ní Little Rock àti Pearl's ní Fayetteville dara pọ̀ mọ́ àwọn tó pẹjọ́. Wọ́n ní ọ̀nà méjì péré ló kù fún àwọn: kí àwọn kó ìdá ńlá nínú ọjà àwọn sínú yàrá tí ọmọdé kò lè wọ̀, tàbí kí àwọn má jẹ́ kí ọmọdé wọ ilé ìtàwé mọ́ rárá. Adájọ́ Timothy Brooks dá apá òfin yìí dúró fún ìgbà díẹ̀ ní July 2023, ó sì fagi lé e pátápátá ní December 2024. Ìpínlẹ̀ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.